Ẹja Pupa Inú Omi Iyọ̀

Òórùn òkun ló kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Òsí kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé. Kò sí ẹni tó ti rí òkun rí nínú wa, a rò pé nǹkan ló jẹrà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e dé. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ àpótí onígíláàsì kan kalẹ̀, pẹ̀lú garawa omi òkun. Ẹja kan wà nínú garawa náà, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó pupa bí epo, ó sì fi funfun di àmùrè.

Ẹ̀rù ẹja yẹn bà mí. Mo ti ka ìwé díẹ̀, mo sì ti tó ẹni tí ń gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọbẹ̀ ni mo mọ̀ pé iyọ̀ àti ẹja ti ń pàdé. Èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú iyọ̀, tí kì í pajú dé, tó ń wò mí bí àna tí kò fẹ́ràn mi, kò yé mi rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi kán omi náà sí àtẹ́lẹwọ́ Yèyé wa, bí a ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ní, “Ẹ mọ bó ṣe rí lẹ́nu o, Yèyé. Omi á máa gbẹ, iyọ̀ kò ní gbẹ. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ti pọ̀ ju báyìí lọ, omi òjò ni kí ẹ bù sí i.” Nígbà tó kàn mí, ẹ̀yìn ọwọ́ mi tó gbẹ ni mo lá, mo sì mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Ó ní kí èmi máa fi igbá bu omi náà, kí n máa dà á padà láti òkè kí ẹja lè rí èémí, kí n sì máa fún un ní tanwíji. Igbá ọlọ́rùn gígùn ni mo wá, kí ọwọ́ mi má bàa kan omi.

Ó padà sójú òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ tí Yèyé ń kí ẹja: “Ṣé o jí ire, ọmọ mi?” Mo gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń rí nínú ẹja yìí, àti pé bí ẹja bá kú pẹ́nrẹ́n, Yèyé á ní ọmọ òun ti bómi lọ.

Ọyẹ́ mú. Yèyé lọ síbi ìsìnkú ní Kòrò, ọyẹ́ sì ń fa omi inú àpótí bó ti ń la ètè wa. Mo wọlé, mo bá ẹja tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń mí hẹlẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Jọ̀ọ́, dúró de Yèyé.” Kò jọ pé ó fẹ́ dúró. Mo pajú dé, mo tọ́ omi náà wò. Áà! Bí ìgbà tí ìyàwó méjì sọ iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ń bu omi òjò sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń tọ́ ọ wò, títí omi fi dé ibi tí iyọ̀ ti fàlà funfun sára gíláàsì. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹja dìde, ó sì tún wò mí bí àna.

Yèyé dé, ó tọ́ omi wò. “Ta ló bomi sí i?”

“Èmi ni, Yèyé.”

“Ìwọ tó ń fi igbá sá fún ẹja!” Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo wá sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. “Ẹja lèyí o. Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, ilé yìí ti dákẹ́ jù. Ṣé kí n máa kí ògiri ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé sílé kí ẹja náà tó kú. Òun fúnra rẹ̀ ló sin ín sẹ́yìn ilé.

Yèyé náà ti lọ báyìí, àwọn ọmọ mi sì ti fọ́n ká. Bí mo bá jí láàárọ̀, aláǹgbá kan wà lára ògiri tí mo máa ń kí. Kì í dáhùn, ṣùgbọ́n ó máa ń mi orí.