Obìnrin Tó Tọ́jú Ọ̀tá Rẹ̀ De Mèsáyà

Ọdún tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ti Síríà wá sun ìlú Séfórì ní Gálílì ni wọ́n kan ọkọ Ṣelómítì mọ́ igi. Asárélì lorúkọ ọkọ náà, iṣẹ́ ìkòkò mímọ ló ń ṣe. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn bá àwọn ọ̀dọ́ Gálílì kó idà jáde nílé ìṣúra ọba ni, nígbà tí iná sì ń jó ìlú, ó sá wá sí abúlé, ó wọ inú ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, ó ká kò síbẹ̀. Hakaláyà tó ni ìfúntí òróró ólífì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ló na ìka sí ààrò náà fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n sun ilé mẹ́sàn-án lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò fọwọ́ kan ìfúntí Hakaláyà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ṣelómítì, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìka náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Asárélì fi wà lórí igi kó tó kú, oyún náà sì ti bàjẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ pé ọjọ́ méje, ó lọ bá Nehúnyà, ẹni tó ń ka ìwé Òfin fún wọn ní sínágọ́gù.

“Bàbá, ta ni yóò bá mi gbẹ̀san?”

“Ọlọ́run ni, ọmọ mi.”

“Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ni. Ọwọ́ ta ni yóò lò?”

Nehúnyà wá sọ fún un nípa ọmọ Dáfídì, Ẹni-Àmì-Òróró tí àwọn wòlíì ṣèlérí, ọba tí yóò gbá àwọn orílẹ̀-èdè ní ọ̀pá irin, tí wọn yóò fọ́ bí ìkòkò amọ̀. Ó ní ojú kan náà kọ́ ni gbogbo ènìyàn fi ń retí rẹ̀: àwọn kan ń wo ọ̀nà àlùfáà, àwọn kan sì ní inú ìkùukùu ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ènìyàn.

Ṣelómítì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ fi ti àlùfáà sílẹ̀, Bàbá. Ẹ tún ti ọ̀pá irin yẹn sọ.”

Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ ọkọ mọ́. Ó ń mọ ìkòkò, ó ń tà, ó sì ń dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ariwo ta pé Mèsáyà ti dé, lẹ́ẹ̀kan ní aginjù, lẹ́ẹ̀kan létí Jọ́dánì, lẹ́ẹ̀kan ní òkè Jùdíà. Nígbàkigbà tí ariwo náà bá ta, Ṣelómítì á wẹ̀, á wọ aṣọ funfun, á gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, á sì tẹjú mọ́ ilé Hakaláyà. Kò ní pẹ́, Róòmù á ti pa ẹni náà. Á bọ́ aṣọ, á padà sídìí amọ̀.

Ní ọdún kẹtàdínlógún, òjò fọ́ òrùlé Hakaláyà. Ó lọ sí kòtò tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀, kó lè rí ohun tí yóò fi dí i. Ògiri kòtò ya lulẹ̀, ó bò ó dé àyà. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé agbọ̀n débẹ̀ ni Ṣelómítì.

“Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!”

“Èmi ni.”

Hakaláyà mọ ohùn náà. Ó dákẹ́.

“Èwo ni o wá dákẹ́ sí?” ni Ṣelómítì wí. “Pariwo! Ọkọ mi pariwo fún ọjọ́ mẹ́ta.”

“Aya Asárélì, wọ́n gbé ọ̀bẹ lé ọmọ mi lọ́rùn lọ́jọ́ náà.”

“Ọmọ rẹ ti bí ọmọ mẹ́rin. Tèmi dà?”

Amọ̀ tún ya, ó dé èjìká rẹ̀. Ṣelómítì jókòó sétí kòtò, ó ń wò ó. Adùn wà níbẹ̀, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ọkùnrin yìí bá kú sínú ẹrẹ̀, wọn yóò sunkún rẹ̀, wọn yóò ní òjò ló pa á. Bí ọba bá wá dé, ta ni yóò dá lẹ́jọ́?

Ó bọ́ sínú kòtò, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ya.

“Má rò pé àánú ni o,” ló wí bó ti ń fà á. “Ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ bá ọ láàyè ni.”

Bó ṣe di olùtọ́jú ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Bí ibà bá mú Hakaláyà, Ṣelómítì á gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtílì gbígbóná lọ, á sì dúró lé e lórí títí yóò fi lá àwo. Ìyàwó Hakaláyà gbìyànjú láti dúpẹ́.

“Má dúpẹ́,” ni Ṣelómítì wí. “Ẹran tí a fẹ́ pa là ń bọ́.”

Àwọn ará abúlé ò gbọ́ ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin náà ní ọkàn rere. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń bí i nínú jù lọ.

Irun rẹ̀ ti funfun tán kí ọkùnrin ará Jùdíà kan, Sákúrì, tó dé. Ó dìde ní sínágọ́gù lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní Mèsáyà ti wá, pé Róòmù kàn án mọ́ igi ní Jerúsálẹ́mù, pé Ọlọ́run sì jí i dìde ní ọjọ́ kẹta. Àwọn wòlíì tí Nehúnyà ti ń kà láti kékeré náà ló ń tọ́ka sí. Ó ní ṣebí wọ́n kọ ọ́ pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run yóò jìyà.

Nehúnyà tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ gbọn orí. “Ọmọ Dáfídì lórí igi? Òfin ní ẹni ègún ni ẹni tí a gbé kọ́ igi!”

Ṣelómítì dìde láàárín àwọn obìnrin. “Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n gbé ọkọ mi náà kọ́ igi. Ṣé òun náà ni Mèsáyà?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. “Rárá, Màmá,” ni Sákúrì dáhùn.

“Ẹni tìrẹ yìí, ọ̀pá irin ńkọ́? Ta ló lù?”

“Kò lu ẹnikẹ́ni, Màmá. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji àwọn tó kàn án.”

“Kò tíì dé nìyẹn,” ni Ṣelómítì wí.

“Ó ń padà bọ̀, Màmá, yóò ṣèdájọ́ alààyè àti òkú.”

“Ṣebí ibẹ̀ ló yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀!”

Ṣùgbọ́n Hakaláyà ń sunkún níbi tó jókòó sí. Ó bá Sákúrì lọ sódò, ó ṣe ìrìbọmi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ wá sí àgbàlá Ṣelómítì.

“Ṣelómítì, a ti dárí jì mí.”

“Ta ló dárí jì ọ́?”

“Ẹni-Àmì-Òróró ni.”

“Ṣé ó bi mí léèrè kó tó ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ikọ́ ló gba ẹnu Hakaláyà. Ṣelómítì tutọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó gbé aṣọ òtútù kan jáde, ó jù ú lù ú.

“Lọ da èyí bora. O ò gbọdọ̀ kú.”

Ó kú. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró ni, lójú oorun, láàárín àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣelómítì fa aṣọ ya, àwọn ènìyàn rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Ó sáré lọ bá Nehúnyà.

“Ó ti sá mọ́ mi lọ́wọ́, Bàbá! Ogójì ọdún ó lé, ó ti sá lọ!”

“Kò síbi tó sá lọ,” ni arúgbó náà wí. “Àwọn òkú yóò jí, wọn yóò dúró níwájú ìdájọ́. Ìyẹn nìkan ni èmi àti Sákúrì ò jà lé lórí.”

Ṣelómítì jókòó. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbi àwọn ibojì tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, ó fi ọwọ́ kan ihò tó kọjú sí ti Hakaláyà gan-an.

“Ibí ni kẹ́ ẹ gbé mi sí. Bí fèrè àjíǹde bá dún, mo fẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú kó tó dé ẹnu ọ̀nà.”

Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé. Wọ́n sì tẹ́ ẹ síbẹ̀ bó ti wí.