Pa Ẹ́ńjìnì Yẹn Ná

Kò-tíì-le ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ń pe obìnrin tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún wọn, nítorí gbólóhùn tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ tí róólà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ló ń wò ó bóyá ó ti le tó láti gbé ọkọ̀ ojú irin dúró. Bí kò bá tíì le, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ìpele mìíràn lé e. Wọ́n á máa bi í bóyá búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ ti le. Kì í bínú. Ilẹ̀ tó bá rì lábẹ́ ọkọ̀ kì í bá èèyàn ṣàwàdà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń wa róólà. Obìnrin náà ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ìwàdùwàdù rẹ̀ pọ̀. Á máa sáré tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ibi tó tẹ̀ ti fìdí rẹmi. Fọ́ọ̀mánù ti sọ ọ́ gbangba pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó wábi gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí ìpele tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán. Ó gbẹ́ kòtò kékeré kan, ó wọn ìwúwo yẹ̀pẹ̀ tó hú jáde níbẹ̀, ó wá tú iyanrìn gbígbẹ láti inú ìgò sínú kòtò náà. Iye iyanrìn tí kòtò bá gbà ló ń sọ bó ṣe tóbi tó. Bí yẹ̀pẹ̀ tó jáde bá fúyẹ́ jù fún irú kòtò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kò tíì le nìyẹn.

Ó ṣírò ó. Ilẹ̀ kò le rárá. Ìgbà náà ló tó fiyè sí ohun tó ti wà létí rẹ̀ tipẹ́: róólà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ara àbúrò rẹ̀ ò balẹ̀, ó ti wà á sún mọ́ ọn kó lè tètè gbọ́ èsì, kò sì pa ẹ́ńjìnì. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, iyanrìn ń rì, kòtò ń gbà ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

"Pa ẹ́ńjìnì yẹn ná," ló sọ fún un. Ó yíjú sí fọ́ọ̀mánù tó dúró nítòsí. "Ọ̀gá, mi ò lè fi èyí dájọ́. Màá tún un wò."

"Torí pé àbúrò yín ni?"

"Àbúrò mi ni. Ilẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó pẹ̀lú mi."

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbẹ́ kòtò mìíràn, ó wọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó tú iyanrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wù ú kó le. Kò parọ́ fún ara rẹ̀ lórí ìyẹn.

Èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó kù bíńtín kó tó. Fọ́ọ̀mánù ò sì wo òṣùwọ̀n, ojú obìnrin náà ló ń wò. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni èké ì bá tilẹ̀ jẹ́.

"Kò tó," ló wí.

Fọ́ọ̀mánù gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ róólà lọ́wọ́ ọmọ náà. Obìnrin náà ti múra sílẹ̀ de èébú. Ká ní ọmọ náà bú u ni, ká ní ó bi í pé irú ẹ̀gbọ́n wo nìyí, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń bá a kó irinṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tún un wò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.