Àkúdàáyà Tí Ardell Stumpf Kò Fẹ́ Kó Kú

Ní gbogbo ilẹ̀ Wisconsin, láti etí adágún ńlá títí dé ibi tí igbó páìnì ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí awakọ̀ wàrà tó lẹ́nu tó Ardell Stumpf. Kì í ṣe pé ó ń pariwo o. Àwọn ará Marl Lake kì í pariwo. Bí ilé bá ń jó mọ́ wọn lórí, wọ́n á ní ó jọ pé ooru mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ardell bá jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé bọ́ọ̀lù, níbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù láti fi wó igi, lọ́sàn-án Sátidé, tó fi páálí dí iwájú ara rẹ̀, tó wá la ẹnu, odindi ìlú á dìde dúró lórí tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó gbọ́ òórùn èéfín ìlú náà. Obìnrin kan wọlé wá yá bàtà bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí Ardell ṣe ń ṣàpèjúwe ihò ejò, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló fi sáré délé nínú yìnyín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìbọ̀sẹ̀ náà.

Iṣẹ́ wàrà ló fi jẹun. Ọkọ̀ táńkì ló ń wà láti oko dé oko, tó ń fa wàrà lọ sí ilé iṣẹ́ wàràkàṣì, títí tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní ó tó. Kò gbéyàwó. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á ní òun ti fẹ́ títì. Ohun mẹ́ta péré ló pè ní tirẹ̀ láyé: ọjọ́ Sátidé, eré àfẹnuṣe, àti Merle Haakonsen, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Eré àfẹnuṣe náà kò le. Ẹnìkan ni atukọ̀ eré. Òun ló ń sọ ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ọ̀tá ń ṣe. Àwọn yòókù á sọ ohun tí àwọn náà ṣe, wọ́n á ju dáìsì, nọ́ńbà tó bá yọ á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n iye ẹ̀mí tó kù sí ọ̀tá lára, atukọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àtìgbà tí irun ti wà lórí àwọn méjèèjì ni Ardell ti ń tukọ̀, tí Merle sì ń ṣe jagunjagun, olè, oṣó, gbogbo ohun tí ènìyàn lè fẹnu dà. Twyla àti Rollie ni àwọn méjì yòókù tó ń yí tábìlì náà ká. Ní ojúmọmọ, Merle ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wàràkàṣì. Á gun àjà, á máa fa wáyà bí ẹni ń fa ìfun màlúù, ohunkóhun tó bá sì bàjẹ́, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ sí i: "Ó ṣì lè burú jù báyìí lọ."

Ìgbà tí àìsàn dá Merle dùbúlẹ̀, tí àwọn dókítà ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, Ardell lọ jókòó tì í.

"Ardell," Merle pè é, "láti ọjọ́ tí a ti ń ṣeré yìí, ìwọ nìkan lò ń ṣe ọ̀tá. Èmi náà fẹ́ ṣe ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan."

"Irú ọ̀tá wo nìyẹn?"

"Àkúdàáyà ni. Ọkùnrin kan tó kú sídìí kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀mí rẹ̀ kò gba ọ̀run lọ, inú wáyà ló gbà. Ó wá ń gbé nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú. Iná pópó, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, ilẹ̀kùn báńkì, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn."

"Kí ló wá ń wá?"

"Kò wá nǹkan kan. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kúrò nílé onílé ni."

Ardell rẹ́rìn-ín. Ní Marl Lake, bí àlejò bá ní òun ń lọ, ẹ lọ gbé omi kaná. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò sọ̀rọ̀ ọmọ, á tún sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹja.

"Kí wọ́n pa mí dáadáa o," Merle ní. "Má jẹ́ kí wọ́n ṣàánú mi. Má sì sọ fún wọn pé èmi ni, pàápàá jù lọ Ione ìyàwó mi. Á ní eré ọmọdé ni mo kú sí."

"Màá ní kí Rollie fi ọkọ̀ ìkóyìnyín gbá ẹ."

"Ó ṣì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni Merle wí. Ardell ṣèlérí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ìsìnkú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Ione, ìyàwó Merle, ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wọlé. Ó gbé kringle lọ́wọ́, àkàrà dídùn tó rí bí òrùka, tó fẹ̀ bí ọwọ́ ìdarí mọ́tò. Ó gbé àpò dáìsì ọkọ rẹ̀ dání pẹ̀lú. Obìnrin yìí ti fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó sórí àga Merle.

"Ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Mi ò mọ̀ ọ́n o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Twyla, tó ń gẹrun fún gbogbo orí ìlú náà, dáhùn. "Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí ẹ̀ ń wà ni mo wọ̀ dàgbà. Bí mo bá rí yín, mo ṣì máa ń jókòó dáadáa."

Dáìsì tuntun aláwọ̀ osùn ni Ione rà fún ara rẹ̀. Èèwọ̀ tábìlì náà ni pé ẹnìkan kì í fọwọ́ kan dáìsì ẹlòmíràn, ìbáà wà láàyè, ìbáà ti kú. Àpò Merle dùbúlẹ̀ níwájú obìnrin náà bí ológbò tó sùn.

Bí Ardell ṣe tú àkúdàáyà náà sílẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó kú ní Sátidé àkọ́kọ́ gan-an. Wọ́n há a mọ́ inú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, Rollie ti gbé dáìsì, ni Ardell bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé ó ti gba wáyà tẹlifóònù sá lọ. Sátidé kejì, ó gba iná pópó. Lẹ́yìn náà, ó gba inú fíríìjì aláìlẹ́ṣẹ̀ kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kù díẹ̀, òǹkà á tún wú sókè nínú orí Ardell bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ohun tó sì fà á kò le rárá. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ bí àkúdàáyà, ọ̀fun rẹ̀ mọ̀ pé Merle ló ń sọ̀rọ̀. Bí àkúdàáyà bá kú, ta ni yóò tún máa bá a sọ̀rọ̀?

Àwọn tó yí tábìlì ká kò mọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ó ti sú wọn.

"Ardell, ṣé ẹja ni àkúdàáyà rẹ yìí ni?" Rollie tó ń wa ọkọ̀ ìkóyìnyín bi í. "Ìgbà yìnyín la ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Koríko ti hù báyìí, wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o," Twyla ní. "Sátidé tó ń bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá màá ráyè."

Ní Marl Lake, "mi ò mọ̀ bóyá" ni wọ́n ń pe "rárá". Rollie náà ní òun kò mọ̀ bóyá. Ardell wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé bí kò bá pa òkú yìí, tábìlì ni yóò kú. Bí ó bá sì pa á, Merle á kú lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òun Ardell ló sì máa kú sí.

Síbẹ̀ gbogbo wọn wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e, nítorí kringle Ione. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ìṣe ìlú: wọ́n jẹ ẹ́ ku ẹyọ kan, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ mú un. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn kì í ṣe tẹnì kan níbẹ̀. Rollie gé e sí méjì, ó mú ìdajì. Twyla gé ìdajì sí méjì. Báyìí ni wọ́n máa ń ṣe títí tí èyí tó kù á fi tó èékánná, tí wọ́n á wá gbé e dànù pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lórí tábìlì, wọ́n ti lé àkúdàáyà dé ìsàlẹ̀ ilé tẹlifóònù ìlú. Twyla gé gbogbo wáyà rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ń wó igi bọ́ọ̀lù gbàràmù-gbàràmù lẹ́yìn ògiri. Ardell rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́ kó dẹ́rù bani.

"Ẹ ti gé ọwọ́ mi, ẹ ti gé ẹsẹ̀ mi," àkúdàáyà wí. "Ó dáa náà. Ó ṣì lè burú jù báyìí lọ."

Kò mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́. Ó ti bọ́ kó tó mọ̀. Rollie rọra gbé dáìsì rẹ̀ kalẹ̀. Twyla gbójú sókè àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí ó ń jò. Ione bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Bi í fún mi," ó ní, "ṣé ó mọ̀ pé òun ti kú?"

"Mo mọ̀," ni àkúdàáyà wí.

"Kí ló wá dúró ṣe?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo ṣì ń dágbére ni."

Ione rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ya lójijì láàárín. "Ọkùnrin yìí! Ọdún Ìdúpẹ́ tí a lọ kí àbúrò mi, ó dágbére lẹ́nu ọ̀nà títí ebi fi tún pa wá, a padà wọlé jẹun." Ó yíjú sí Ardell gan-an. "Òun ló bẹ̀ ọ́, àbí?"

"Òun ló bẹ̀ mí."

"Ó ní kí o má sọ fún mi."

"Ó ní wàá ní eré ọmọdé ni òun kú sí."

"Eré ọmọdé náà ni," Ione wí. "Ó yá, ta ló kàn láti lù ú?"

"Twyla ni," Rollie yára sọ.

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lo lé e jù, Rollie. Máa lù ú lọ."

"Mo ti lù ú yó. Ó ti tó mi."

"Ṣé ká kúkú gé e sí méjì ni?" Twyla bi í.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ardell rí àyè. Wáyà kan ṣì kù. Ẹ̀mí tó tó ogójì ṣì wà nínú orí rẹ̀, ó lè sọ ọ́ di ọgọ́ta. Ó la ẹnu.

"Ardell Stumpf, pa ẹnu yẹn dé." Ohùn Ione awakọ̀ bọ́ọ̀sì nìyẹn, ohùn tó ti mú kí ìran méjì ní Marl Lake jókòó. Rollie pàápàá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àga. "Mo mọ ojú ọmọ tó fẹ́ gba fèrèsé ẹ̀yìn sá. Èmi ni màá lù ú. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn, èmi ni mo mú un."

Ó tú àpò Merle. Kò sẹ́ni tó sọ pé èèwọ̀ ni. Ó mú dáìsì ńlá ọkọ rẹ̀, ó dì í mú díẹ̀, ó jù ú. Ó yí, ó gbá ife kọfí, ó yí padà, ó dúró.

Méjì.

"Dáìsì Merle ni lóòótọ́, tí kì í fún un ní nọ́ńbà gidi," Rollie sọ wẹ́lẹ́.

Méjì kò lè pa eṣinṣin nínú eré yẹn. Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀yìn páálí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òǹkà wà. Ardell wo dáìsì náà, ó wo ọwọ́ Ione tó ṣì nà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó rántí ọ̀rọ̀ Merle: kí wọ́n pa mí dáadáa. Ó mú òǹkà tó ti ń bọ́ láti ìgbà yìnyín, ó jù ú sílẹ̀.

"Méjì ló kù sí i lára," ó ní. "Ó tó o."

Rollie, tó ń bá ojú ọjọ́ jiyàn, kò jiyàn. Ardell wá sọ ọ́ fún wọn: bí iná pópó ìlú náà ṣe ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó pàṣẹ fún wọn, bí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ṣe dúró ní àjà tirẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn, tí ẹnìkan jáde, tí kò wẹ̀yìn. Ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀lù dákẹ́ lẹ́yìn ògiri, pé odindi ìlú Marl Lake ló dákẹ́, títí kan àwọn màlúù.

Ione kó dáìsì padà sínú àpò. Ardell na ọwọ́ sí àwo, ó mú kringle tó kù, gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

"Ṣé ó jẹ ẹ́ tán ni?" Twyla bi Rollie.

"Ẹ jẹ́ kó jẹun," Ione ní. "Ta ni ọ̀tá Sátidé tó ń bọ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀," Ardell fi ẹnu kíkún dáhùn.

"Má fi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe é o."

"Sátidé, màá wá," Twyla wí. Rollie ní òun náà ń bọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹ̀wù wọn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ardell kí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó dé fìlà, ó kọ́kọ́ jáde.