Àbàwọ́n Tíì Lára Ṣòkòtò Ọlọ́pàá

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, kó má wulẹ̀ lọ bi ọ̀gá wọn. Kó wá bi èmi tí mo ń fọ aṣọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ àgọ́ náà, títì nìkan ló là wá láàárín. Bí aṣọ bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó ti fẹjọ́ ẹni tó ni ín sùn nìyẹn: eléyìí ti sùn lé orí tábìlì, tọ̀hún jẹun láìfọwọ́, ẹni yẹn lọ síbi tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní mo máa ń tọpinpin jù. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n mọ ọ̀rọ̀ òun, kó máa fọ aṣọ rẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan wà tí kò jẹ́ kí n gbádùn. Tíì ni. Kì í ṣe èyí tó ń kán sí àyà aṣọ nígbà tí ènìyàn bá ń mu ún o. Orí itan ló máa ń wà, lórí ṣòkòtò nìkan, bíi pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ da ife sí onítọ̀hún lára. Mo wò ó títí, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá ló ń gbé irú rẹ̀ wá. Àwọn tó bá ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kò-kánjú nínú mọ́tò nìkan ni.

Kò-kánjú ni awakọ̀ tó ń wa mọ́tò tí wọ́n fi ń lé àwọn tó bá sá fún ọlọ́pàá. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ eré, òun ni wọ́n ń pè ní Kò-kánjú. Ọkùnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ti funfun, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù sílẹ̀. Bó bá ń sọdá títì bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo lè lọ aṣọ méjì kó tó dé. Láràárọ̀ kó tó wọ mọ́tò, á po tíì kún ife kan dẹ́nu, ife tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, á gbé e sórí pákó pẹlẹbẹ kan tó fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ò ti lè tó o. Bí tíì náà bá tutù, á dà á nù, á rọ òmíràn láti inú fúláàsì. Mi ò rí i kó mu ún rí. Aṣọ tirẹ̀ ò sì ní àbàwọ́n kankan.

"Bàbá," mo bi í lọ́jọ́ kan, "ta ló ń da tíì sí àwọn ọmọ yìí lára?"

"Ìyá Alágbàfọ̀, ọ̀nà yìí ni kò dáa."

"Ṣé ẹ̀yin kì í gba ọ̀nà ọ̀hún ni? Tiyín mọ́ tónítóní."

"Èmi mọ ibi tí kòtò wà."

Mo mọ̀ pé ó ń fi mí ṣeré. Mo lọ ra ife pupa kan tó ní ìdérí, mo fi ta á lọ́rẹ. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó dúpẹ́ títí ojú fi tì mí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún rọra sọdá títì. "Ife yẹn dáa púpọ̀," ó ní. "Ẹ gba ìdérí yín." Mo so okùn mọ́ ìdérí náà, mo fi í kọ́ ìṣó lára ògiri, kí n máa rí i, kí n máa rò ó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó náà, aṣọ ọlọ́pàá kan wà nínú ọ̀rá. Asúfèé ló ni ín. Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn, nítorí pé ìfé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Òun ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kò-kánjú láyé ìgbà kan, kó tó di pé ọ̀rọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lé mọ́tò kan lọ lọ́jọ́ kan, ó yọ ìbọn sójú fèrèsé, ó ní táyà lòun máa yìn ín sí. Ibi tó ti ń wò ó, mọ́tò tiwọn já sí kòtò. Ọta ò kan táyà. Obìnrin kan ló lọ bà, ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sẹ́yìn mọ́tò tó ń sá, kò tilẹ̀ mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sá fún. Obìnrin náà kú. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n ní Asúfèé ò jẹ̀bi. Ó gbé aṣọ wá kí n bá òun fọ̀ ọ́, kò padà wá gbà á mọ́. Mi ò sì gbọ́ ìfé rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìdí nìyí tí inú mi ò fi dùn nígbà tí àbíkẹ́yìn mi ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lòun máa ṣe. Àwọn ìyá yòókù ń bẹ̀rù kí wọ́n má yìnbọn pa ọmọ àwọn. Èmi ń bẹ̀rù kí ọmọ mi má yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Nígbà tí wọ́n wá gbé e sínú mọ́tò Kò-kánjú, mo wo aṣọ inú ọ̀rá, mi ò lè jẹun mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà gbé ṣòkòtò tirẹ̀ wá.

"Kí ló dà sí ọ lẹ́sẹ̀?"

"Tíì ni, Màmá."

"Tìẹ ni?"

"Rárá."

"Ta ló wá dà á?"

"Màmá, ẹ ṣáà bá mi fọ ṣòkòtò."

Ìtìjú wà lójú rẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n kò sọ. Ohun tó ń sọ fún mi ni ti ìbọn. Ó ní bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò dúró, táyà rẹ̀ ni àwọn á yìn ín sí. Mo ní, "Bí táyà bá wá bẹ́, ta ni yóò bá yín darí mọ́tò náà? Àwọn tó ń rìn lójú ọ̀nà ńkọ́?" Ó ní mi ò lè mọ̀, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó ní Kò-kánjú ò jẹ́ kí òun ríṣẹ́ ṣe, pé òun ti bẹ ọ̀gá àwọn kó gbé òun lọ sí mọ́tò mìíràn, ọjọ́ Ajé ni òun sì máa gbọ́ èsì. Èmi ń ka ọjọ́ náà bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

Ọjọ́ Ajé ò tíì pé tí mọ́tò tí a fi ń kó aṣọ fún àwọn oníbàárà fi dákẹ́. Àbúrò ọkọ mi ló ń bá mi wà á. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ ojo ni. Ó lọ yá mọ́tò eléérú kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kó kọ́tìnì àti aṣọ ibùsùn ilé ìtura kan sí i, ó kún iwájú, ó kún ẹ̀yìn, mo sì há ara mi sáàárín wọn. Ẹni tó bá wà níta ò lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Ohun tí àwa méjèèjì ò mọ̀ ni pé wọ́n jí irú mọ́tò eléérú bẹ́ẹ̀ gbé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí èmi nìkan ò mọ̀ ni pé ìwé ìwakọ̀ ọkọ mi kékeré ti kú tipẹ́tipẹ́. Bí ọlọ́pàá ṣe nawọ́ sí wa níkòríta, dípò kó dúró, ńṣe ló tẹ iná mọ́ mọ́tò.

"Ọkọ mi, kí lẹ jí?"

"Mi ò jí nǹkan kan, ìyàwó wa."

"Kí wá lẹ ń sá fún?"

"Wọ́n ń lé mi ni."

Mi ò tíì gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Fèrè mọ́tò ọlọ́pàá ń han lẹ́yìn wa, aṣọ ń wó lù mí lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà náà ni mo rántí obìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sẹ́yìn mọ́tò. Mo mọ ẹni tó ń wa mọ́tò tó ń lé wa. Mo mọ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ ọwọ́ ọmọ tí mo bí ni n óò bá lọ. Mo fi tipátipá ti kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé ojú lé gíláàsì ẹ̀yìn, kó lè rí mi. Oòrùn ń dán lára gíláàsì, kò rí mi. Ṣùgbọ́n èmi rí i.

Kò-kánjú ń wakọ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ọmọ mi jókòó tì í, ó lanu, ó na ọrùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ife pupa kan mú níwájú àyà rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ife tí mo rà ni. Bí mọ́tò wọn bá ti fò, tíì á ta, á dà sí i lórí itan, á fajú ro, á tún di ife náà mú. Ẹ̀rù ikú ń bà mí lóòótọ́, síbẹ̀ mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ibi tó ti ń dà sí wọn lára nìyí."

Kò pẹ́ tí fèrè wọn fi dákẹ́. Mọ́tò wọn ń kéré lọ lẹ́yìn wa, títí a ò fi rí i mọ́. Ọkọ mi kékeré wo dígí, kò rí ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọn ò lé tó máa sá títí lọ. Mo fi ìnura kan gbá a lórí, mo ní kó dúró, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwé kan. A wà níbẹ̀ tí Kò-kánjú fi rọra ṣẹ́ kọ̀nà bọ̀, tó páákì sẹ́yìn wa.

Ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbindin. Èmi náà ń fi orí wá ọ̀nà jáde láàárín kọ́tìnì. Ó wò mí. Ó wo ibi tí mo ti jáde. Ó wo táyà ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an. "Màmá," ó ní. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú. Kò-kánjú dé ní ìrìn rẹ̀, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì mu èyí tó kù.

"Ó ti ń tutù," ó ní. "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ kúulé o."

Wọ́n mú ọkọ mi kékeré lọ sí àgọ́, ó sanwó ìtanràn, wọ́n sì ní kó lọ tún ìdánwò ìwakọ̀ ṣe. Títí dòní, bó bá rí ọlọ́pàá lókèèrè, á ti kọ́kọ́ pa mọ́tò kó tó béèrè ohun tí wọ́n ń wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi fúnra rẹ̀ gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àpótí ọṣẹ. "Màmá," ó ní, "ọwọ́ mi ti wà lórí ìbọn. Bàbá yẹn ní kí n bá òun mú ife. Mo wá ibi tí mo lè gbé e sí, kò sí. Mo fẹ́ dà á nù lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa da tíì àgbà nù lójú rẹ̀?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo sunkún, mi ò tijú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó sọ fún ọ̀gá wọn pé òun ò lọ sí mọ́tò mìíràn mọ́.

Èmi ò lè ṣe kí n má bi Kò-kánjú. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kò dáa, mo ní kó má wulẹ̀ yọra rẹ̀ lẹ́nu. Ó wo aṣọ Asúfèé nínú ọ̀rá.

"Awakọ̀ lásán ni mí," ó ní. "Gbogbo àwọn tó ń jókòó tì mí ló jù mí lọ nípò. Mi ò lè ní kí wọ́n má yìnbọn. Mo sọ ọ́ fún ti ọjọ́ yẹn, ó ní kí n máa wakọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo dàgbà jù wọ́n lọ. Ta ni àgbà máa ní kó bá òun mú ife tó máa kọ̀?"

Ó ti fẹ̀yìntì báyìí. Ọmọ mi ló ń wa mọ́tò náà, ìwọ̀nba irun funfun sì ti yọ lórí òun náà. Ṣòkòtò rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá ju ṣòkòtò tirẹ̀ sórí tábìlì mi, ó fajú ro.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọmọ yín. Ṣé kò lè ra ife tó ní ìdérí ni?"

Ìdérí pupa ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn mi. Ẹnu ń yún mi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Mo gba ṣòkòtò, mo rẹ ẹ́ sómi tútù.

"Ọmọ mi," mo ní, "ọ̀nà yìí ni kò dáa."