Lékèélékèé Kì Í Wọ Bàtà

Wọ́n bí mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó kúrú ju ọ̀tún lọ. Bí mo bá dúró pẹ́, mo máa ń ká a sókè, màá sì fi ọ̀tún nìkan dúró. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kàbbà rí i, wọ́n sọ mí ní Lékèélékèé. Ẹ mọ ohun tí ọmọdé máa ń ṣe bí ẹyẹ yẹn bá ń kọjá lókè: wọ́n á na ọwọ́ sí i pé kó fi funfun sí èékánná àwọn. Lọ́jọ́ kan, èmi ni wọ́n na ọwọ́ sí.

“Lékèélékèé, tèmi dà?”

Yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ara mi sì balẹ̀.

Mi ò sọ pé mo ní ìyẹ́. Ènìyàn ló bí mi. Ó ṣeé ṣe, ká ní ewúrẹ́ ni wọ́n pè mí, kí n di ewúrẹ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé bí agbo màlúù bá ń kọjá lẹ́yìn ìlú, àwọn ẹyẹ yẹn ni ojú mi ń wá bí ará ilé, kì í ṣe darandaran.

Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, Ìyé, ìyá mi, mú mi lọ ṣe bàtà tí ìtẹ̀lẹ̀ òsì rẹ̀ ga. Mo wọ̀ ọ́, èjìká mi dọ́gba.

“Ọmọ mi, o wá dà bí ènìyàn!” Ó ń sunkún.

Ìbàdí tó ti ń dùn mí tipẹ́ rọlẹ̀. Mi ò lè parọ́ pé kò rọlẹ̀. Àmọ́ bí mo bá dúró báyìí, kò sí ẹsẹ̀ tí ó wù mí láti ká mọ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ṣí kúrò nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Ìyé ń bọ̀ láti ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin kékeré aládùúgbò wa sáré wá pàdé mi, ó ti na ọwọ́ kí n fọwọ́ kan èékánná òun, bó ṣe máa ń ṣe. Ó rí bàtà náà, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

“Àǹtí, lékèélékèé kì í wọ bàtà o.”

“Ta ni lékèélékèé?” Ìyé jágbe mọ́ ọn. “Ènìyàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ!”

Àríyànjiyàn ti sú mi. Mo jókòó sórí òkúta, mo bọ́ bàtà òsì, mo dìde, mo sì ká ẹsẹ̀ mi sókè.

“Mú ọwọ́ wá.”

Ìyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàtà náà, ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó sì dúró dè mí.