Ọmọ Tí Mo Lé Nítorí Ísírẹ́lì

Òórùn kọfí àti káńfọ̀ ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé baba arúgbó tí mo ń tọ́jú ní Torino, nílẹ̀ Ítálì. Júù ni baba náà, opó ni wọ́n, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo sì ń gbé ní Ísírẹ́lì. Ọ̀rẹ́, wọ́n tóbi, ṣùgbọ́n apá mi yìí nìkan ló ń gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn badante méjì, àwọn olùtọ́jú arúgbó bíi tèmi, ti sá lọ kí n tó dé. N kò kàwé púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí mo bá di máìkì mú níjọ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ a mì.

Nígbà tí ogun Gásà gbóná, èmi ni mo ń darí àdúrà fún Ísírẹ́lì. "Gbogbo ọ̀tá Ísírẹ́lì, ẹ kú!" ni mo máa ń ké, ìjọ a sì gbà á lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin tí a bí síbí, tó wà ní yunifásítì, dìde láàárín àdúrà, ó jáde. Nígbà tí a délé, ó ní, "Papà, anche i bambini?" Ṣé kí àwọn ọmọdé náà kú ni? Mo ní n kò dárúkọ ọmọdé kankan. Ó ní n kò sì yọ wọ́n sílẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí ìwọ́de fún àwọn ará Palẹsitínì. Mo ní tó bá lọ, kó má padà sílé mi. Ó lọ. Kò padà. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìwọ́de gba abẹ́ fèrèsé baba kọjá. Baba ní kí n ti fèrèsé. Mo rò pé àkókò tí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ti tó. Mo ní, "Signore, ẹ fọkàn balẹ̀. Nítorí ẹ̀yin Ísírẹ́lì ni mo ṣe lé ọmọ mi jáde. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn aláriwo yẹn."

Baba yíjú sí mi: "Nítorí mi? Ta ló rán ọ?" Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ń sá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn nígbàkígbà tí bọ́ǹbù bá ń bọ̀, ọwọ́ àwọn ò tó o, tèmi wà nísàlẹ̀ níbí, mo fẹnu ara mi lé e. "Lọ mú un wá, àgbà òmùgọ̀!"

Èmi! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ sí mi níta, ìjà ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo rí ọmọ mi láàárín èrò, ohùn rẹ̀ ti há. "Papà, che fai qui?" Kí ni mo wá ṣe níbẹ̀? N kò mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Baba tí mo ń tọ́jú ní kí o wá."

"Baba nìkan?"

"Èmi náà."

Ó bá mi gòkè. Bó o bá rò pé wọ́n dì mọ́ra, irọ́ ni. Baba bi í bóyá ó sunkún fáwọn tí wọ́n pa ní Ísírẹ́lì, àti àwọn tí wọ́n jí gbé. Ó ní òun sunkún; àwọn ọmọ Gásà ńkọ́? Baba ní, "Mo ń sunkún wọn. Ẹ̀rù ọmọ-ọmọ mi sì ń bà mí." Wọ́n jiyàn títí, ẹnìkan ò gbà fún ẹnìkejì. Ọmọ mi bá mi wọ tíráàmù lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo di máìkì mú, "ẹ kú" kò jáde. Mo ní, "Olúwa, má ṣe jẹ́ kí wọ́n sin ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún." Àmín kan ṣoṣo ló dún láti ẹ̀yìn. Ọmọ mi ni. Pásítọ̀ rọra gba máìkì lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní iná mi ti kú. Irọ́ ni, kò sí ẹni tó lè gbàdúrà bíi tèmi níbẹ̀ títí dòní. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. N kò tíì mọ bí ogun Gásà yẹn yóò ṣe parí. Mo kàn mọ̀ pé Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí mo lè rán lọ pa ọmọ ọlọ́mọ.