Orí Kẹta Ìwé Àwọn Ọmọ Bọ́dìn

Ní ọdún 1984, ìyáàfin tí èmi àti òun jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde parí ìtàn àròsọ kan nípa àwọn ọmọ bọ́dìn. Bí ó bá ti kọ orí kan tán, ó máa ń kà á sí àwọn ọmọ bọ́dìn ilé-ìwé wa létí bí wọ́n ti ń mu gààrí ọ̀sán. "Bí ṣíbí bá ṣì ń dún," ó máa ń wí fún mi, "orí náà kò tíì jinná."

Nínú orí kẹta, síníọ̀ kan mú kí ọmọ kékeré kan kúnlẹ̀ lórí òkúta títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kà á, inú bí i.

"Mísìsì, ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ ni?"

"Ẹ wá gbọ́ ọ ná, sà."

Ọ̀gá wá. Ìyáàfin ń kà, ṣíbí ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ibi òkúta, ọmọ fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní kan fa síkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún. Ọ̀gá ní kí ó ṣí i. Egbò tútù ni.

"Ta ló ṣe é?"

Ṣíbí kan ṣoṣo ló ṣì ń dún, ti hẹ́ẹ̀dì-gẹ́ẹ̀lì, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ojú yí síbẹ̀.

Ọ̀gá dìde. "Mísìsì, ẹ má yọ nǹkan kan."

Ìyáàfin fi ìwé náà lé atẹ̀wé lọ́wọ́ ní Odògbolú, pẹ̀lú orí kẹta nínú rẹ̀, ní ọjọ́ tí a ti ilé-ìwé fún ìsinmi, ní oṣù Keje ọdún náà.